Láti Ẹ̀yìn Ni Ká Ti Wò Ó: Bí A Ṣe Ń Ṣèdájọ́ Akuéríọ̀mù Ewéko Láti Inú Fọ́tò

Iṣẹ́ tí ẹ bẹ̀ mí ni kí n sọ bí adájọ́ ṣe ń mọ akuéríọ̀mù ewéko tó dára nígbà tó jẹ́ pé fọ́tò rẹ̀ nìkan ló wà níwájú rẹ̀, tí kò fojú kan àpótí gíláàsì náà rí. Ewéko tí mo wí yẹn, ewéko gidi ni, èyí tó ń ta gbòǹgbò, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ dàgbà. Ẹni tó fi ewé rọ́bà ṣe tirẹ̀ lè jókòó gbọ́ wa, a ò ní lé e jáde.

Ọ̀pọ̀ adájọ́ ló máa ń ti iwájú bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á wo ẹja, wọ́n á wo òkúta, wọ́n á wo bí ewé ṣe tutù yọ̀yọ̀, ìgbà tí wọ́n bá ṣe tán ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ gbólóhùn kan lórí ẹ̀yìn àpótí. Èmi, ẹ̀yìn ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹnì kan fi sẹ́yìn omi rẹ̀ ló máa ń sọ fún mi bóyá ó mọ irú omi tó fẹ́ ṣe, àbí gíláàsì ló kàn fẹ́ kún.

Ẹ wọ yàrá tí wọ́n ti ń dúró de dókítà ní ilé ìwòsàn aládàáni ní Ẹ̀gbẹ́dá, tàbí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń gẹrun lójú ọ̀nà Ìkòtún sí Ìdímù, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi bá ọ̀kan pàdé. Goldfish mẹ́ta tàbí mẹ́rin, òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ búlúù nísàlẹ̀, ewé rọ́bà kan tó ti ṣá láwọ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, póstà tí wọ́n gé lára róòlù, tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ mọ́ gíláàsì láti ìta. Òkìtì iyùn inú òkun ló wà lára póstà náà, pupa, àwọ̀ ọsàn, elésè àlùkò. Igun kan ti ká. Omi tó ń kán nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ omi ti wọ àárín póstà àti gíláàsì, ibi tó tutù ti ṣókùnkùn, ibi tó gbẹ ń dán, etí ọ̀rinrin náà sì fà wọ́lọ́wọ́lọ́ kọjá lórí iyùn.

Mi ò bínú sí póstà yẹn nítorí pé kò lẹ́wà. Ohun tí mo ń bá a jà lé lórí ni pé kò sí ohun kan nínú àpótí tó bá a tan. Omi iyọ̀ ni iyùn ń gbé. Goldfish, tí àwọn ará Ṣáínà ti ń sìn láti ayébáyé, omi tí kò níyọ̀ ni tirẹ̀. Kódà etíkun tiwa gan-an kò ní òkìtì iyùn. Iyùn tí àwọn ọba wa ń fi sọ́rùn, òwò ló gbé e dé ilẹ̀ yìí, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti òkun Mẹditaréníà. Ẹ tún wo ìmọ́lẹ̀: nínú póstà, oòrùn ń ti ẹ̀gbẹ́ kan tàn wá, nínú àpótí, gílóòbù wà lókè. Ẹja inú póstà sì tóbi ju goldfish tó wà níwájú rẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá wá ya gbogbo rẹ̀ ní fọ́tò, tí jíjìn àti sísúnmọ́ ti di ọ̀kan náà lórí bébà, ojú á sáré lọ sórí póstà, á fi ẹja sílẹ̀.

Ẹnì kan lè dá mi lóhùn pé ṣebí àwa náà la dá irú èyí sílẹ̀. Òótọ́ ni. Àwọn onífọ́tò wa àtijọ́ ní aṣọ ẹ̀yìn tí wọ́n kun ọ̀dà sí: àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òdòdó, ọkọ̀ òfuurufú. Nígbà tí Stephen Sprague kọ̀wé ní 1978 nípa bí àwọn Yorùbá ṣe ń ya fọ́tò, pàápàá ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ó rí i pé a ní ìlànà tiwa: bí èèyàn ṣe ń jókòó, bó ṣe ń gbé ọwọ́ lé orúnkún, bó ṣe ń kojú sí kámẹ́rà gbọnrangandan. Ẹ ṣàkíyèsí eléyìí o. Ẹni tó jókòó níwájú aṣọ náà ti gba gbogbo ojú wa; aṣọ ẹ̀yìn kàn ń kì í ni. Ẹja kì í jókòó, kì í wo kámẹ́rà, kò sì mọ̀ pé wọ́n ń kì òun. Tí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bá pariwo, ẹja ti sọnù nìyẹn.

Àwọn bàbá wa tún ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ṣèdájọ́ ère. Robert Farris Thompson, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Yale, kó ère gbígbẹ́ síwájú àwọn èèyàn nílẹ̀ Yorùbá, ó ní kí wọ́n sọ èyí tó dára jù àti ìdí tó fi dára. Ohun tó gbọ́ ló tẹ̀ jáde ní 1973: jíjọra, ìfarahàn, dídán, gígún, àti àwọn mìíràn. Mo ti gbé òṣùwọ̀n wọ̀nyí lé akuéríọ̀mù lórí, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ju ọ̀pọ̀ ohun tí mò ń kà nínú ìwé ìlànà ìdíje lọ.

Ẹ mú jíjọra. Agbẹ́gilére tó bá gbẹ́ ère tó jọ ẹnì kan délẹ̀délẹ̀, wọ́n á ní ó ti ṣàṣejù. Èyí tí ère rẹ̀ kò sì jọ èèyàn rárá, wọ́n á ní kò mọṣẹ́. Àárín méjèèjì ni wọ́n ń wá. Ní ìdíje àgbáyé lóde òní, àwọn kan ń to igi wẹ́wẹ́ àti ewé tíntìntín títí àpótí á fi di igbó kìjikìji, pẹ̀lú òkè, pẹ̀lú iyanrìn funfun tó ń ṣàn wálẹ̀ ní àfarawé omi tó ń já láti orí àpáta. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ń yà mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹja tó ń lúwẹ̀ẹ́ láàárín igi yẹn ti di ẹyẹ, èmi kì í sì í fún wọn ní máàkì tó ga jù. Igbó ni wọ́n ṣe, wọn ò ṣe odò.

Ìfarahàn rọrùn láti yẹ̀ wò. Ẹ sọ fọ́tò náà di kékeré lórí fóònù títí kò fi ní ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ṣé ẹ ṣì rí òkúta tàbí igi tó jẹ́ olórí? Tí gbogbo rẹ̀ bá ti di ewé rúdurùdu, iṣẹ́ ṣì kù. Gígún wà nínú ibi tí wọ́n gbé olórí náà sí. Àwọn tó ń lo ìwọ̀n 1 sí 1.618 á ní kó má ṣe wà ní àárín gbùngbùn. Nínú àpótí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, ibi tí wọ́n ń sọ jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 37 sí ẹ̀gbẹ́ kan, 23 sí èkejì. Ìwọ̀n yẹn dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Adájọ́ tó bá gbé rúlà sórí fọ́tò nítorí rẹ̀, ẹ gba rúlà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó yẹ ká mọ ibi tí àṣà fífi fọ́tò ṣèdájọ́ yìí ti gbilẹ̀. Takashi Amano, tí wọ́n bí ní Niigata ní Japan ní 1954, kẹ̀kẹ́ ló ń fi sáré ìje gba owó kó tó dá ilé-iṣẹ́ Aqua Design Amano sílẹ̀ ní 1982. Onífọ́tò ni pẹ̀lú. Ó gbé kámẹ́rà ńlá oní-fíìmù wọ igbó Amazon, igbó Borneo àti igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níhìn-ín, ojú tó fi wo igbó náà ló fi ń gbin ewé sínú omi. Ní 2001 ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdíje tí wọ́n ń pè ní IAPLC, níbi tí àwọn èèyàn káàkiri ayé ti ń fi fọ́tò tí wọ́n yà láti iwájú ránṣẹ́. AGA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbin ewéko inú omi ní Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 2000. Ohun tó mú mi fẹ́ràn tiwọn ni pé wọ́n máa ń tẹ ọ̀rọ̀ tí adájọ́ sọ lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan jáde kí gbogbo ayé kà á. Iṣẹ́ ńlá tí Amano ṣe gbẹ̀yìn wà ní Lisbon ní Potogí, ó gùn ní mítà 40, omi inú rẹ̀ tó lítà 160,000. Wọ́n ṣí i ní 2015, ọdún yẹn náà ló kú.

Àwọn ará Netherlands kò gba ọ̀nà yìí. Adájọ́ ẹgbẹ́ wọn, NBAT, máa ń lọ sílé ẹni tó ń díje, á jókòó síwájú àpótí, á wo ẹja bó ṣe ń mí. Tí owó àti ojú ọ̀nà bá gbà wá láyè, ọ̀nà yẹn ni ǹ bá yàn. Ṣùgbọ́n láti Ìpájà dé Ìjẹ̀gún lọ́jọ́ Sátidé? Fọ́tò náà ni ká máa bá yí.

Fọ́tò sì mọ irọ́ pa. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ya akuéríọ̀mù, wọ́n á yọ páìpù fílítà kúrò, wọ́n á fa gbogbo ohun tó ń yọ̀ lára gíláàsì tán, wọ́n á gbé iná mìíràn kún ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n á pa iná yàrá, wọ́n á fi aṣọ dúdú bo ara wọn àti kámẹ́rà kí òjìji wọn má bàa hàn nínú gíláàsì. Àwọn mìíràn á tan ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun, wọ́n á fẹ́ ẹ sójú omi kó lè máa rú wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Kò sí ẹ̀sùn nínú èyí. Ta ni kì í wẹ̀ kó tó lọ ya fọ́tò? Ohun tí adájọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé wákàtí kan péré ni fọ́tò ń sọ fún òun, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó sì ń gba ẹ̀bùn ni wọ́n ń tú palẹ̀ kété tí wọ́n bá ti yà á tán.

Ibi tí irọ́ náà ti máa ń tú ni ẹ̀yìn. Ẹni tó fẹ́ kí àpótí kékeré jìn á gbé iyanrìn ga lẹ́yìn, bóyá sẹ̀ǹtímítà 3 níwájú, 15 lẹ́yìn. Á fi ewé ńlá síwájú, ewé wẹ́wẹ́ sẹ́yìn, á jẹ́ kí ọ̀nà àárín máa fún bó ṣe ń lọ. Gbogbo làálàá yìí lè bàjẹ́ níbi ohun kan ṣoṣo: òjìji. Tí ẹ bá rí òjìji ewé lórí bébà funfun tó wà lẹ́yìn, ẹ ti mọ̀ pé ògiri wà nítòsí, ojú kò sì lè gbàgbé rẹ̀ mọ́. Bákan náà ni ìlà tó gbọọrọ níbi tí iyanrìn ti kan gíláàsì ẹ̀yìn. Ẹni tó mọṣẹ́ á fi ewé bo ìlà náà, á sì gbé bébà rẹ̀ jìnnà díẹ̀ sí gíláàsì, á wá tan iná sí i láti ẹ̀yìn, kí òjìji má baà ríbi jókòó.

Ẹ̀yìn dúdú ni ọ̀pọ̀ yín ń lò, mo mọ̀ ọ́n, nítorí pé ó rọrùn, ó ń bo wáyà àti páìpù mọ́lẹ̀, ó ń jẹ́ kí ewé aláwọ̀ ewé títàn yọ. Ṣùgbọ́n igi dúdú níwájú ẹ̀yìn dúdú, ẹ ti sin igi yẹn. Bébà dúdú tó ń dán tún burú jù, nítorí pé yóò gbé ojú onífọ́tò padà wá sínú àwòrán. Aṣọ tí kò dán ni kí ẹ lò. Ẹ̀yìn funfun ń fún omi ní òfuurufú, ó ń jẹ́ kí ibi tó jìn dà bí ibi tí ìkùukùu wà, àmọ́ ó ń sọ ẹja tó bá fẹ́lẹ́ láwọ̀ di aláìsí, fóònù yín náà á sì fẹ́ sọ gbogbo iwájú di òkùnkùn tí ẹ kò bá tọ́ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sọ́nà. Búlúù, mi ò tíì rí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ti rí ẹni tó fi àdìrẹ sẹ́yìn. Àdìrẹ náà lẹ́wà púpọ̀. Àdìrẹ náà ni mo rántí, mi ò rántí ẹja kankan.

Ó tún ku ẹ̀yìn kan, èyí tó jẹ́ pé ewéko fúnra rẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan odò tiwa.

Ní 1857, ọkọ̀ ojú omi Dayspring gba odò Ọya lọ sókè, Dókítà Baikie ni olórí ìrìnàjò náà. Samuel Ajayi Crowther wà nínú ìrìnàjò yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni onímọ̀ ewéko kan tó ń jẹ́ Charles Barter. Ọkọ̀ náà fọ́ sórí àpáta nítòsí Jẹ́bà ní oṣù kẹwàá. Barter kú ní Rabba ní 1859. Ọdún kejì rẹ̀ ni Schott, onímọ̀ ewéko ará Austria, fi orúkọ Barter sọ ewéko kan: Anubias barteri. Ewéko yìí, tó ń hù létí odò láti ìhà tiwa dé Kamẹrúùnù, ni ẹ óò rí nínú àpótí gíláàsì ní Tokyo, ní Berlin, ní São Paulo. Ewé rẹ̀ nípọn, kì í tètè dàgbà, kò fẹ́ iná púpọ̀, ara òkúta àti igi ló ń gbá mú. Bolbitis heudelotii, tó ń hù lára àpáta níbi tí omi ti ń ṣàn nílẹ̀ Áfíríkà, lè bo gbogbo ẹ̀yìn àpótí bí ẹ bá so ó mọ́ igi. Òṣíbàtà tí a fi ń ṣàdúrà, Nymphaea lotus, òun náà ni wọ́n ń gbìn nínú àwọn àpótí aláràbarà ní Netherlands, tí wọ́n ń gé ewé rẹ̀ kó má baà dé ojú omi.

Ẹja ńkọ́? Arnoldichthys spilopterus, ẹja olójú pupa tí àwọn ará òkèèrè ń fowó rà, kò sí níbòmíràn láyé ju Nàìjíríà lọ: ìsàlẹ̀ odò Ògùn àti ìsàlẹ̀ odò Ọya. Odò Ògùn, ẹ̀yin èèyàn mi, èyí tó ń wọ ọ̀sà Èkó. Pelvicachromis pulcher náà, tí abo rẹ̀ máa ń pọ́n níkùn nígbà tó bá fẹ́ yé ẹyin, ọmọ gúúsù Nàìjíríà ni.

Nítorí náà, tí mo bá rí fọ́tò láti Ìgándò tí Anubias wà nínú rẹ̀, ara igi tó ta lélẹ̀, èyí tí ewé àti gbòǹgbò ti ń yọ, ni mo kọ́kọ́ ń wá. Tí wọ́n bá rì í mọ́ inú iyanrìn, yóò jẹrà, bó ti wù kó rẹwà tó lónìí. Tí ó bá wà lórí igi, tí mo rí ewé tuntun kan tó fúyẹ́ láwọ̀ láàárín àwọn àgbà, mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ níbẹ̀. Ewé tí ìgbín jẹ létí kì í bà mí nínú jẹ́. Ewé tí gbogbo wọn mọ́ tónítóní, tí kò sí àpá kankan lára wọn, àná ni wọ́n rà wọ́n.

Adájọ́ ibòmíràn lè má mọ àwọn nǹkan kan nípa àwa tí à ń gbé Àlímọ̀ṣọ́. Nínú ìkànìyàn 2006, èèyàn 1,277,714 ni wọ́n kà níbí, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní iye náà lé ní mílíọ̀nù méjì. Yàrá kò gbà wá. Àpótí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60 ni púpọ̀ nínú yín lè gbé kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á ti kan ògiri, kò sí àyè fún iná ẹ̀yìn. Iná NEPA kì í dúró. Fílítà tó bá kú láti alẹ́ di ọ̀sán, omi á rú. Omi náà ńkọ́? Àwọn kan ń lo ti bọ́ọ̀hòlù, àwọn kan ń ra ti mẹ́rúwà. Bọ́ọ̀hòlù mìíràn ń mú omi tó dógùn-ún wá, ó sì ń fi pupa rẹ̀ lé ewé àti gíláàsì. Ẹ má ṣàṣìṣe: igi tí ẹ rì sínú omi náà lè pọ́n omi, kó dà bíi tíì Lipton tí kò le, èyí sì bá àwọn ẹja odò inú igbó lára mu. Bí adájọ́ ṣe ń mọ ìyàtọ̀ nínú fọ́tò nìyí: omi igi mọ́ gaara, ẹ ó rí ẹ̀yìn àpótí láti inú rẹ̀, omi tó dógùn-ún ń rú, ó ń jókòó sórí ewé. Ẹni tó bá gba máàkì lọ́wọ́ omi igi nítorí pé ó pọ́n, kò mọ odò.

Ó kù sí ọwọ́ yín, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣètò ìdíje ní àdúgbò yìí. Ẹ gba fọ́tò méjì lọ́wọ́ olúkúlùkù: ọ̀kan láti iwájú, ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́, nítorí pé fọ́tò ẹ̀gbẹ́ ni yóò fi ẹ̀yìn hàn bó ṣe rí. Ẹ gba òmíràn lẹ́yìn oṣù kan. Ẹni tó tan ìmọ́lẹ̀ kún fọ́tò rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó fi kọ̀ǹpútà pa páìpù rẹ́, ẹ yọ máàkì rẹ̀. Ẹni tó fi kọ̀ǹpútà pààrọ̀ ẹ̀yìn, ẹ dá a padà sílé, nítorí pé ẹ kò mọ ohun tí ẹ ń dá lẹ́jọ́ mọ́. Ẹ má lé àwọn oní-póstà. Ẹ ní kí wọ́n wá póstà odò, kí wọ́n jẹ́ kí ó jìnnà díẹ̀ sí gíláàsì, kó má hàn ketekete.

Ẹni tó bá sì ní odò Ògùn lòun ṣe, kó kọ ibi tó ti wò ó sí abẹ́ fọ́tò rẹ̀, kó sì kọ oṣù tó lọ. Ní oṣù kìn-ín-ní, omi máa ń fà, ó ń mọ́ díẹ̀, iyanrìn ń hàn. Ní oṣù kẹwàá, lẹ́yìn òjò, tí wọ́n bá tún ṣí omi ìdídò Ọ̀yán sílẹ̀, ó máa ń pọ́n, ó ń gbé ewé àti igi lọ. Tó bá kọ oṣù kẹwàá, tí omi inú fọ́tò mọ́ gaara, tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú kirikiri, ẹ pè é, kó wá ṣàlàyé.